Bí Ilé Ìwé Wa Ṣe Fi Àpótí Mi Parọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ láti Ìkòtún dé Ìgándò, owó epo rọ̀bì ń ya wọlé fún ìjọba bí òjò. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, torí mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n kó irinṣẹ́ káfíńtà láti òkè òkun wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama wa: ayùn, ìfági, òòlù, àti ẹ̀rọ ìrẹ́gi méjì tí ẹnikẹ́ni ò tú kúrò nínú pákó tí wọ́n fi dì wọ́n wá. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí àlejò pàtàkì láti ọ̀dọ̀ ìjọba yóò fi wá ṣí i, kí wọ́n má baà dọ̀tí. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ igi ń ya àwòrán ayùn sínú ìwé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gé igi rí.

Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, àwòrán yẹn gan-an ni wọn ò jẹ́ kí n yà. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lọ bá ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò iṣẹ́ igi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé ọkọ káfíńtà lò ń wá ni? Padà sídìí abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ, jàre."

Àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣì rántí iye wọn: mẹ́rin.

Mi ò padà sídìí abẹ́rẹ́ kankan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo gba ṣọ́ọ̀bù bàbá káfíńtà kan lọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkòtún. Bàbá ò bi mí ní ìbéèrè nípa obìnrin tàbí ọkùnrin. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Ọwọ́ yìí á bó o. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, bàbá."

Ó bó lóòótọ́. Ojoojúmọ́ tí a bá ti jáde ilé ìwé ni mo ń lọ, àfi ọjọ́ Jímọ̀ tí bàbá máa ń lọ kírun. Nígbà tó yá, ó ní kí n dá àpótí ìjókòó kan ṣe. Mo gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ kan fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ náà wá ń mì. Bàbá yìí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ bo àṣìṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Igi funfun ni àpótí mi. Ègé igi pupa ló fún mi, ó ní òun ni kí n fi há ihò náà, kí ẹni tó bá dojú àpótí dé lè rí i.

"Tí o bá ń rí i, o ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Ẹsẹ̀ náà dúró gbọin. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá pariwo, "Ẹ kú oríire o, ìyá káfíńtà! Àpótí rẹ ti tà. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló rà á." Mo fò sókè, mi ò mọ ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ àlejò pé. Wọ́n tò wá sí ìlà níwájú yàrá irinṣẹ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá àgbà ti gbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí tábìlì: àpótí ìjókòó kan ṣoṣo, tí wọ́n lẹ orúkọ ọmọkùnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó sún mọ́ ọn. Àlejò bi ọmọkùnrin náà bó ṣe ṣe é; òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ.

Mo jáde láti orí ìlà. Mo dojú àpótí dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi í pé kí ló dé tí igi pupa fi wà níbí."

Kò mọ̀. Mo ṣàlàyé ihò tó fẹ̀ jù, mo ṣàlàyé bí mo ṣe há a. Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Ọ̀nà méjì péré ló kù fún ọ̀gá àgbà: kó jẹ́wọ́ pé ọjà ni wọ́n ti ra àpótí, tàbí kó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ igi ni mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò.

"Ọmọ wa ni, sà. Ó wà lára àwọn tó ń múra ìdánwò iṣẹ́ igi. Ẹni tó kọ orúkọ ló ṣì í kọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ìdánwò náà nísinsìnyí."

Àlejò sì dúró títí wọ́n fi kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà nà mí lẹ́gba mẹ́fà, ó ní mo kúrò lórí ìlà láìgbàṣẹ. Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege, mo sì ka iṣẹ́ yìí dé yunifásítì. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ní kí n máà bínú. Yàrá irinṣẹ́ náà ńkọ́? Ọkọ̀ àlejò ò tíì jáde ní géètì tán tí wọ́n tún fi tì í pa.

Ayé ti yí padà ṣá. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwé kan ládùúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn títí mo fi ṣí ìwé rẹ̀. Ojú ewé mẹ́tàlá ló kọ nípa ayùn. Mo bi í bóyá ó ti fi gé igi rí.

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní àwọn máa rà á tó bá yá."

Nígbà tiwa, irinṣẹ́ wà, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ní báyìí, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, kò sí nǹkan kan nínú yàrá. Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí wọn, wọn ò fèsì. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, màá gbé ayùn mi àti pákó mẹ́rin, màá lọ jókòó sínú kíláàsì ọmọ yẹn. Kí ẹni tó bá láyà wá ní kí n jáde.