Ọ̀rọ̀ tí Mo Kọ fún Katikísì

Òórùn kókó tí wọ́n sá sí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òdígbò kò tíì kúrò nímú mi dòní. Òun náà ló gba afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n jó àwòrán ìyá mi. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Àwòrán Màríà àti Jésù ọmọ ọwọ́ ni. Orí ni ìyá mi fi rù ú láti Oǹdó nígbà tí ó ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Ó fi í ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri lápá ọ̀tún pẹpẹ. Láti kékeré mi, a kò lè kọjá níbẹ̀ kí ó má fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká pé kí n kúnlẹ̀.

Nígbà tó yá, wòlíì kan dé láti ọ̀nà Aráròmí-Obù, ó ní òrìṣà ni gbogbo àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì, iná ló tọ́ sí wọn. Fadá kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ; katikísì ló ń darí wa. Ó pè mí, ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, bá mi kọ ohun tí n ó sọ lọ́jọ́ Ìsinmi." Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo kọ nípa àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Gíríìkì láyé àtijọ́, nígbà tí ọba wọn pàṣẹ pé kí wọ́n run gbogbo àwòrán mímọ́. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n lé wọn nílùú, wọ́n fi irin gbígbóná jó ọwọ́ ọ̀kan tó ń ya àwòrán, síbẹ̀ wọn kò jọ̀wọ́ àwọn àwòrán náà. Wọ́n ní kì í ṣe igi àti ọ̀dà ni àwọn ń bọ̀wọ̀ fún, ọ̀wọ̀ náà ń lọ bá ẹni tí a yà síbẹ̀ ni. Mo fi tiwa kún un: bí ọba bá rán ọ̀pá rẹ̀ sí wa, ta ni kì í kúnlẹ̀? Ṣé igi la kúnlẹ̀ fún?

Katikísì kà á bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Àwọn àgbà ń kígbe, "Katikísì, orí yín pé o!" Kò dárúkọ mi. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo tún ń yangàn nínú ara mi, òmùgọ̀ ọmọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni wòlíì dé pẹ̀lú ọ̀pá irin lọ́wọ́, agogo àti ọ̀pọ̀ aláṣọ funfun. Katikísì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán jáde fún wọn síbi iná tí wọ́n dá. Ó ń du ipò kánsílọ̀ lọ́dún náà, àwọn aláṣọ funfun sì pọ̀ jù wá lọ.

"Ìyá, àwòrán lásán ni," ó sọ fún ìyá mi. "Ẹ jẹ́ kí àlàáfíà wà."

"Lásán? Ẹnu yín kọ́ ló sọ̀rọ̀ àwọn mọ́ńkì lọ́jọ́ Ìsinmi? Àbí ẹ yá ẹnu ni?" Ìyá mi yíjú sí wòlíì. "Bàbá, irin tí ẹ dì mú yẹn náà ńkọ́? Ẹ jù ú síná, àbí òun kì í ṣe ère?"

"Ọ̀pá Ọlọ́run ni!"

"Tiwa náà, Ìyá Ọlọ́run ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wá wò mí. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n katikísì ni yóò fọwọ́ sí lẹ́tà tí n ó fi gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀rẹ̀. Mo wolẹ̀. Gíláàsì àwòrán náà ta pàù nínú iná.

Ìyá mi kò bá mi jà. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ìwé tí o kà, ibo ló wà lónìí?" Mo gba iṣẹ́ náà. Katikísì di kánsílọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Katikísì ti kú báyìí. Wọ́n fi férémù wúrà sí fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ lápá ọ̀tún pẹpẹ, síbi tí àwòrán ìyá mi wà tẹ́lẹ̀ gan-an, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé akọni ìgbàgbọ́ ni. Bí mo bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, orúnkún mi tó ń ro mí yìí á tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin á máa sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wo bí Màmá ṣe ń bọlá fún katikísì." Ó máa ń dùn mí dé eegun. Èmi mọ ẹni tí ìkúnlẹ̀ mi ń lọ bá.