Káàdì Tó Tutù

"Pa fáànù yẹn, òtútù ń mú mi." Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn, lórí ibùsùn ọsibítù. Àbúrò pa fáànù. Kó tó yíjú padà, ẹ̀gbọ́n ti sùn, kò sì jí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni tíṣà orin gbé káàdì ohùn, èyí tó ń mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dún, wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, ó fi í lélẹ̀ gbà lórí tábìlì.

"Wo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ. Tí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ lórin fún wákàtí kan, dùùrù tó ń tinú ẹ̀ jáde á máa ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìdọ̀tí ló kì sí i, ó sì gbowó mi. Olè ni, kí Ọlọ́run foríjì í. Ẹni tó bá bi mí, bẹ́ẹ̀ ni màá sọ."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

"Ìwọ? Ìwọ tó sá kúrò nílé ìwé ní pámárì fọ́ọ̀?"

"Èmi náà, sà. Kọ̀ǹpútà ò bèèrè sátífíkéètì."

Elétí-Ajá ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe, èyí táwọn èèyàn ti jù sẹ́yìn ilé. Á dẹtí sí i bí ẹni ń gbọ́ òfófó, á ní, "Àìsàn ẹ nìyí." Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Orúkọ nìkan ló fi sílẹ̀, òun ló sì wà lórí tábìlì yìí.

Àbúrò ti káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, ó ki dísìkì sí i lẹ́nu. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ló wà lórí dísìkì náà, ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Á kọ nọ́ńbà sínú gbogbo mẹ́mọ́rì káàdì, níbi tí ohùn ń gbé, á sì padà lọ kà á. Bí ohun tó kà bá yàtọ̀ sí ohun tó kọ, á dárúkọ ṣíìpù tó purọ́. Ṣíìpù mẹ́jọ, àwọn ègé dúdú tó gbé mẹ́mọ́rì náà, ló wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ń sáré. Ọ̀kan mọ́. Mẹ́ta mọ́. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́.

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bóyá kọ̀ǹpútà tèmi ló ń ṣe wèrè. Mo ti fẹnu kọ. Gbé e fún mi, kí n máa lọ."

Ọwọ́ àbúrò ti kan káàdì. Ó tutù bí imú ajá.

Ẹ̀gbọ́n kì í gba ìdánwò tútù gbọ́. Á ní, "Ta ni kì í níwà láàárọ̀? Dúró dọ̀sán." Á pa fáànù, á daṣọ bo kọ̀ǹpútà títí á fi gbóná, á wá dán an wò lẹ́ẹ̀kejì.

Bó bá gbé e fún tíṣà báyìí, orúkọ ẹ̀gbọ́n ti mọ́. Ó parí.

"Ẹ jókòó, sà. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Ṣebí ó ti mọ́?"

"Ó mọ́ nígbà tó tutù."

Ó nawọ́ sí fáànù. Ó pa á, ó daṣọ bo kọ̀ǹpútà.

Wákàtí kan. Ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Àbúrò tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀kan mọ́. Mẹ́ta mọ́. Márùn-ún mọ́. Ó dé orí ẹ̀kẹfà, ó dúró. Ṣíìpù kẹfà purọ́.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ káàdì. Ẹ̀gbọ́n a máa fi ọ̀dà pupa sàmì roboto sí ṣíìpù tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ kì síbẹ̀, kó má bàa sẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àbúrò ń bẹ Ọlọ́run kó má rí ọ̀dà. Ó rí i, pupa fòò. Kò rí roboto bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fà gbọọrọ bí ìkọ̀wé ọmọdé. Oṣù tí àìsàn mú un ló ṣe é.

"Kí lo rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fi èyí sí i, sà. Kò dáa. Òótọ́ lẹ sọ."

Tíṣà wò ó títí. "O ò bá ti jẹ́ kí n lọ."

"Ẹ̀ bá padà wá."

Ó ki ṣíìpù mìíràn síbẹ̀, ó daṣọ bò ó, ó tún dán an wò ní gbígbóná. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́. Tíṣà fi bébà wé káàdì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún àwọn tó bá bi mí. Àmọ́ mi ò ní pè é lólè mọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tó lọ tán, àbúrò mú ìgbálẹ̀. Ó gbá ègé wáyà kúrò lábẹ́ tábìlì. Ó dé ìdí àga ẹ̀gbọ́n, ibi tí kò tíì gbá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá ibẹ̀ náà.