Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Mí Ní Ohun Tí Mo Ti Bà Jẹ́

Mo rántí bí bàtà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ń fún mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ ṣe íńtáfíù ní Nassarawa GRA. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà nílé ní Sabon Gari nígbà náà, tí mò ń bá ìyá mi bó ẹ̀wà ní ilé oúnjẹ rẹ̀ ní France Road, tí àwọn oníbàárà sì ń fi Hausa bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ti tán láyé ni. Iṣẹ́ dátábéèsì ni mo kọ́, ìyẹn títọ́jú ibi tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ń kó orúkọ àti àkọsílẹ̀ gbogbo ènìyàn pamọ́ sí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló lé mi jáde ní ọsibítù aládàáni tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Kí n tó jáde, bàbá mi dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní àṣìṣe rẹ, sọ fún wọn pé iṣẹ́ lo máa ń ṣe jù." Mo há a sórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Àwa mẹ́fà la jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá wọlé kì í lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jáde. Ọkùnrin tó ṣáájú mi, oníkóòtù, jáde tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé mi ò ṣe àṣìṣe rí. Wọ́n ní kí n máa lọ."

Ẹni mẹ́ta ni mo bá nínú yàrá: Hàjíyá tó jẹ́ mánéjà, àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, àti ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, tí òógùn ń bò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kíkó aṣọ fún àwọn oníṣòwò ọjà aṣọ Kantin Kwari.

"Sannu," ni Hàjíyá fi kí mi. "Sọ ohun kan tí o ti bà jẹ́ níbi iṣẹ́ fún wa."

"Iṣẹ́ ni mo máa ń ṣe jù, mà."

Ó ju ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. "A'a. Èyí tó bàjẹ́ pátápátá là ń wí."

Bóyá bàtà ló fún mi dé ọpọlọ, mi ò mọ̀, mo bá jẹ́wọ́. Mo ní mo fẹ́ tún àkọsílẹ̀ aboyún kan ṣe ní ọsibítù, mo sì gbàgbé láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé obìnrin kan ṣoṣo ni mò ń bá wí. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo aláìsàn wa ti di aboyún oṣù méje. Kọ̀ǹpútà tún fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wọn pé kí wọ́n wá gba ìtọ́jú aboyún lọ́jọ́bọ̀. Bàbá kan, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, wá lóòótọ́. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn fẹ́ mọ ẹni tó fún òun lóyún ni.

Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Hàjíyá mú bírò.

"Kí lo kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà wọ inú àkọsílẹ̀ náà mọ́."

Olùtọ́jú kọ̀ǹpútà fò dìde, ó sáré jáde. Mo rò pé inú ló ń run ún. Ó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti dí i. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo wá ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí a fi pamọ́ kẹ́yìn, mo sì ṣí i sí ọ̀tọ̀."

Ó tún sáré jáde. Mo wo àwọn méjì tó kù. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé íńtáfíù nìyí?"

Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí fi ọwọ́ bojú. "Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà wa ń jẹ́."

"Wallahi," ni Hàjíyá wí, "tírélà mẹ́ta ti já aṣọ gbogbo ọjà sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji kan ṣoṣo. Ó ti pè wá lẹ́ẹ̀mejì láti dúpẹ́. Ìkẹrin ti ń di ẹrù."

Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀lé wọn. Tírélà ìkẹrin ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn ti pé ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà àwa mẹ́rin la jókòó ti ìwé ìkẹ́rù, a ń tẹ orúkọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀sán fi pọ́n. Gbígba aṣọ padà lọ́wọ́ Alhaji ló pẹ́ jù. Ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, a kì í dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Hàjíyá fi bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ láìwo ìwé ẹ̀rí mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun dáhùn gbogbo ìbéèrè láìṣi ẹyọ kan. Èmi ni mo ké "Àmín" sókè jù.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ń wo ẹ̀yìn báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó ti káàdì àwọn aláìsàn ní ọsibítù yẹn, tí mò ń gba oyún kúrò lára àwọn bàbá àti àwọn ọmọdé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó lé mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ìyẹn ló dùn mí ju lílé lọ. Èmi náà ti ń ṣe íńtáfíù fún àwọn ẹlòmíràn nísinsìnyí. Bí wọ́n bá sọ àṣìṣe wọn tán, tí wọ́n sorí kọ́, mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe, mo sì máa ń dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ dé òpin.