Ìrù Ọmọ Onílé

Ní Becontree nílùú òyìnbó, nínú ilé tí mo háyà yàrá kan sí, ọmọńlé ń yáná, èmi ń gbọ̀n. Ọmọńlé gidi ni mò ń wí o, irú èyí tí a máa ń fi ìgbálẹ̀ lé lára ògiri nílé. Ọmọbìnrin onílé mi ló rà á kó tó lọ sí yunifásítì. Ìyá rẹ̀ fi í sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, gílóòbù sì ń gbóná lórí rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo sì máa ń dé. Bí mo bá fọwọ́ kan hítà yàrá mi, yóò tutù bí omi àmù. Mo kúnlẹ̀ bẹ onílé mi.

"Heating is for evening," ó ní. "Lọ wọ cardigan."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọńlé yẹn ń gba heat all day."

"Ìyẹn, ọmọ onílé ni. Ìwọ, tenant ni ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Òtútù ti pa baba yẹn ní yàrá mi.

Nínú oṣù Kọkànlá, ó lọ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ní kí n máa fún ọmọńlé náà ní ìrẹ̀ jẹ. Ọmọdé wo nílé wa ni kò mọ̀ pé bí o bá di ọmọńlé nírù mú, á já ìrù náà sí ọ lọ́wọ́, á sá lọ? Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìka méjì fún ìrù rẹ̀ pọ̀ ni. Ìrù náà ń jó látẹ́lẹwọ́ mi. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Nígbà tí Àǹtí dé, ó sunkún. Mo ní ẹ̀rù ló ba ọmọńlé tó fi já ìrù rẹ̀. Dókítà ẹranko sọ fún un pé ìrù á hù padà, àmọ́ òtútù ò gbọdọ̀ dé pálọ̀ yẹn rárá. Láti ọjọ́ náà ni hítà gbogbo ilé ti ń gbóná láti àárọ̀. Mo ń tibi iṣẹ́ dé, mo ń bọ́ súwẹ́tà. Ìrù tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó kúrú, ó sanra bí ànàmọ́. Èmi náà ni mo wá ń bọ́ ọ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, Àǹtí wò ó fínnífínní, ó pàtẹ́wọ́. "Thank God, ó ti pé! From tomorrow, heating is for evening."

Lọ́jọ́ kejì, mo dé, yàrá mi ti tutù. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí pálọ̀, mo ṣí àpótí. Ọmọńlé náà ò sá. Ó ti mọ ọwọ́ tó ń bọ́ ọ. Ó gun àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dùbúlẹ̀, ó gbé orí lé ìka mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, mo sì fún ìrù náà pọ̀.