Iná Mẹ́ta fún Bàbá Onífọ́tò

Bí ẹ bá dé Odò-Orí ní Ìwó, tí ẹ rí obìnrin kan tó ń jẹun lórí ìdúró, tó ń fi ọwọ́ kejì dán bátìrì wò, Tiwaladé nìyẹn. Kì í jókòó. Àga mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀, àwọn oníbàárà ló ni gbogbo wọn. Bó bá wọ kẹ̀kẹ́, tí awakọ̀ ní òun ń dúró de èrò kan sí i, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn. Kò pẹ́ kò jìnnà, kẹ̀kẹ́ náà á kọjá lára rẹ̀ lọ́nà, awakọ̀ á sì fi fèrè kí i. Àwọn ará ọjà ní bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ ló ṣe rí.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìwàǹwára rẹ̀ nídìí. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń lọ.

Fáwọlé Onífọ́tò ni gbogbo ìlú ń pe bàbá náà. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ya Ìwó: ìyàwó tuntun, ọmọ tó gba ìwé mẹ́wàá, àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọdẹ tó gbé ìbọn wá láti Olúpọ̀nnà. Ilé tí ẹ máa wọ̀ láì rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lára ògiri kò pọ̀. Ilé tiwọn ńkọ́? Fọ́tò kan ṣoṣo tí àwọn fúnra wọn wà nínú rẹ̀ ni ti káàdì ìdìbò, tí wọ́n rí bí olè tí wọ́n ká mọ́ inú àká. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ó ń dun Tiwaladé.

Dókítà ojú n'Íbàdàn ti bá wọn sọ̀rọ̀ láìfepo bọyọ̀. Ojú tó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn ń di ìyókù mú ni. Ó lè tó ọdún kan, ó lè má tó. Láti ọjọ́ náà ni Tiwaladé ti pinnu pé òun yóò ya Bàbá ní fọ́tò tó péye, Bàbá yóò sì fi ojú ara wọn wò ó, kí wọ́n sọ bó bá dáa. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò, Bàbá kò tíì sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé èyí dáa. Bó bá gbé iṣẹ́ lọ fi hàn wọ́n, wọn á wò ó, wọn á dá a padà, wọn á ní, "Máa ṣe é lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ti bà á lọ́kàn jẹ́ ju èébú lọ.

Iná ni ìṣòro. Fíláàṣì kan péré ló ní, èyí tó ń gun orí kámẹ́rà. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ fíláàṣì orí kámẹ́rà: iwájú orí á máa dán bí àwo tí wọ́n fi òróró pa, òjìji dúdú á lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn, ojú èèyàn á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá kórìíra rẹ̀ gidi. Àwọn oníṣẹ́ ńlá n'Íbàdàn a máa to iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí èèyàn ká. Tiwaladé wo iye tí wọ́n ń ta irú ẹ̀ lórí fóònù, ó da fóònù bolẹ̀.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Mùrí lọ, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Mùrí tú àpótí, ó kó fíláàṣì àlòkù méjì jáde, òkú ni àwọn méjèèjì.

"Má tọwọ́ bọ inú wọn fúnra rẹ o," ni Mùrí wí. "Iná inú wọn kì í tètè kú."

Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí ọ̀kan fi gbá òun alára ní ìka. "Sùbùhánálláhì!" Ó fò sókè, ó da ife tíì rẹ̀ nù. Tiwaladé ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń bi í bóyá ó máa parí lónìí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń yọ sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, títí Mùrí fi ní, "Tiwa, bí o bá tún yọjú lónìí, màá bà á jẹ́ padà." Fíláàṣì méjèèjì jí. Mùrí so ojú kékeré kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó jẹ́ pé bó bá ti rí i tí fíláàṣì orí kámẹ́rà kọ mànà, tirẹ̀ náà á kọ mànà lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìyókù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó ra páìpù omi, ó gbé e dúró sínú ike ọ̀dà, ó da sìmẹ́ǹtì sí i, ó di òpó iná. Ó ṣí agboòrùn funfun síwájú ọ̀kan kí iná má baà le, ó fi kọ́tìnì àtijọ́ bo èkejì lójú. Kò dúró kí sìmẹ́ǹtì gbẹ tó fi gbé òpó àkọ́kọ́ nílẹ̀, òpó bá wọ́, ó di pé kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún un: ìkánjú ló ń jẹ́ kó pẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sábẹ́ iná náà ni Ìyá Kùdírátù, àgbẹ̀ láti Kuta, tó fẹ́ fọ́tò ńlá fún pálọ̀ wọn. Tiwaladé ti rí i lórí fóònù pé àwọn onífọ́tò ìgbàlódé máa ń fi ìdajì ojú sínú òkùnkùn. Ó pa iná ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí ti orí kámẹ́rà kọjú sókè, ó yà á. Lójú tirẹ̀, fọ́tò náà dùn ún wò. Ìyá Kùdírátù gbà á, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Etí mi kejì dà?"

"Àrà ni, mà. Ó wà nínú òjìji níbẹ̀ yẹn."

"Òjìji wo? Kí àwọn ọmọ ọmọ mi lè máa sọ pé olétí kan ni ìyá ńlá àwọn?" Wọ́n gbé fọ́tò lé orí àga. "Tún un yà. Etí méjèèjì ni mo gbé wá láti Kuta."

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ nílé, Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. "Ìyá yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ. Kéèyàn jókòó, kó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn. Ìyẹn ni fọ́tò." Tiwaladé kò bá wọn jiyàn. Ó padà sí iná mẹ́ta: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Ó dá ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nínú yàrá fọ́tò àtijọ́ Bàbá. Bàbá wọ agbádá òfì. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Tiwaladé rí i, ó sì yára wá nǹkan mìíràn wò. Wọ́n fa àga sẹ́bàá fèrèsé ńlá, wọ́n jókòó.

"Oòrùn ni fíláàṣì tèmi," ni wọ́n wí. "Ibí yìí ni mo ti ya gbogbo wọn."

Tiwaladé tẹ kámẹ́rà. Fíláàṣì orí rẹ̀ nìkan ló kọ mànà. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀kan náà. Ó sáré pààrọ̀ bátìrì, ó sáré yí òpó, ó fẹsẹ̀ kọ ike, agboòrùn wó lé e lórí. Gbogbo oṣù tó fi ń sáré, ṣé ibi tó máa já sí rèé? "Mùrí ti pa mí!"

"Ọ̀kan ló tàn," ni Bàbá wí, ọwọ́ wọn lórí orúnkún.

"Mo mọ̀!" Ó jágbe mọ́ wọn. Lójú ẹsẹ̀ ló kúnlẹ̀. "Ẹ máà bínú, Bàbá."

"Nígbà tí o dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé fèrèsé wà níbẹ̀?"

Kò sí. Ọ̀rọ̀ náà yé e wàyí: oòrùn ọ̀sán ti bo ojú kékeré wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, wọn ò lè dá mànà mọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á láti sọ fún onífèrèsé.

"Tì í," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mo ní kí o ti fèrèsé."

Ó tì í. Yàrá ṣú. Ó tẹ kámẹ́rà, iná mẹ́ta sì kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mẹ́ta ni. Ti òsì ti le jù. Sún un sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì."

Ó sún un. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ ló pé: agbádá náà, ilà ojú náà, etí méjèèjì, kò sí òjìji kankan lára ògiri. Ó sáré kúnlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sí wọn lọ́wọ́. Bàbá gbé e súnmọ́ imú. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tiwaladé, ó dáa gan-an."

Ọdún mọ́kànlá. Ayọ̀ gbé e dìde, ó tẹ̀ síwájú kó lè bá wọn wò ó. Ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí fọ́tò ti ń hàn, ti kú fúnra rẹ̀ tipẹ́. Dúdú lásán ni Bàbá ń wò.

"Ó ti kú, Bàbá. Kò sí nǹkan lójú rẹ̀."

Bàbá rọra gbé kámẹ́rà lé itan.

"Láti ìgbà wo?" ni Tiwaladé bi wọ́n.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń sáré kiri nítorí iná yìí. Mi ò fẹ́ kí o dáwọ́ dúró."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ní òun ti pẹ́ jù, òun ì bá ti tètè ṣe é, sìmẹ́ǹtì yẹn, Mùrí yẹn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú yàrá tó ṣú náà, ó ń fara kọ òpó.

"Tiwa, jókòó."

Kò sí àga mìíràn níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ wọn.

"Ti fọ́tò, irọ́ ni mo pa fún ọ," ni Bàbá wí. "Ti iná, mi ò parọ́. Mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì dọ́gba. Etí mi ńkọ́?"

"Méjèèjì wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa." Wọ́n gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ padà sórí orúnkún, wọ́n gbójú sókè. "Tún tàn án kí n rí i."

Ó tàn án. Nígbà tí iná náà tún gbára jọ, ó tún tàn án. Ìrọ̀lẹ́ lé bá wọn níbẹ̀, Tiwaladé kò sì dìde.