Ẹ̀rù Naomi ní Ọjọ́ Kejì Kérésì

Naomi fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọkọ ni mo jẹ́ fún un, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fẹ́ ẹ láti Ẹ̀fọ̀n wá sílé wa ní Ara. Ìyàwó ilé tó mọ àṣà ni, kò pe orúkọ mi rí. Sarah tí gbogbo ayé ń pè mí, Eyínfúnjowó lòun ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì ti yọ nínú eyín náà. Tí mo bá bínú sí i, á kúnlẹ̀. Tí òun bá bínú sí mi, á dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń sè tà fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe é. Kò sí ohun tí obìnrin yìí kì í bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù ààrá, ó ń bẹ̀rù ọ̀kadà, ó ń bẹ̀rù fóònù tó bá dún nígbà tí kò retí rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìẹ bá wúkọ́ lẹ́yìn ilé, kó má lọ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà tí n kì í fi í rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ọjọ́ kejì Kérésì.

Àwọn ọmọ Òkè, àdúgbò wa, ló máa ń bá àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ gbá a ní pápá iléèwé. Àdúgbò tí wọ́n bá nà ni yóò se ìrẹsì fún àdúgbò tó borí, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti jẹun, tí wọ́n á sì jó. Ọmọ tó bá wálé Kérésì tí kò wọ pápá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn títí ọdún á fi yí po. Pápá yẹn ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti kán, lọ́dún tí Afọlábí, ọmọ kan ṣoṣo tí Naomi bí fún un, pé ọdún mẹ́rin. A ní eré náà ni. A fi igi dì í, a fi òrí pa á. Ìgbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹsẹ̀ ti kẹ̀. Kò rí ọdún Àjíǹde. Ilé ni Naomi wà lọ́jọ́ náà, ó ń din ẹran. Ó ní òun gbọ́ ariwo àwọn tó ń wòran, lẹ́yìn náà ni gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń bẹ̀rù títí dòní.

Orí wá gbé e kò ó, bọ́ọ̀lù yìí kan náà ni Afọlábí fi ṣe iṣẹ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìpínlẹ̀ kejì sí wa ló gbà á, wọ́n ń san owó oṣù fún un. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wọn fẹ́ parí, kóòṣì wọn sì ti sọ fún un pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó tẹ̀lé Kérésì ni àwọn máa wò kí àwọn tó mọ̀ bóyá àwọn á tún gbà á. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni àkọ́kọ́. Ó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù láyè kí wọ́n lọ kí ará ilé, àmọ́ kò gbọdọ̀ sí àríyá, kò gbọdọ̀ sí bọ́ọ̀lù àdúgbò.

Kí a tó mọ èyí ni Gbóyèga, olórí àwọn ọ̀dọ́ Òkè, ti wá bá mi. Ó fẹ́ tẹ àwòrán Afọlábí sára bébà ńlá kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ìyá ọmọ ló yẹ kó bi. Èmi ló wá bi, nítorí èmi ni ilé bàbá rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ó ní àwọn kan sọ pé agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó kì í ṣe fàájì títí ìdíje á fi parí. Mo ní ẹ gbọ́ mi, tíṣà ń ṣe Kérésì, òṣìṣẹ́ báńkì ń ṣe é, pásítọ̀ gan-an ń jẹ itan adìẹ. Ṣé igi ni agbábọ́ọ̀lù tí kò ní bá ará ilé rẹ̀ yọ̀ ni? Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kó tó di ìdajì Disẹ́ńbà, ojú ọmọ wa ti wà lára ògiri láti Ara títí dé Ìjerò: Wá Bá Afọlábí Ṣe Kérésì.

Ọjà Ìjerò ni Naomi ti ń bọ̀ tó fi rí i. Igbá orí rẹ̀ ni kò tíì sọ̀ tó fi kúnlẹ̀ síwájú mi. "Eyínfúnjowó, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi ní kí wọ́n yọ ọ́." Mo ní kó dìde jàre, kó má dójú ti ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì ni Afọlábí gun ọ̀kadà dé láti Arámọkọ. Ó sọ ohun tí kóòṣì wí fún wa. Ó ní kí n má dààmú, òun á kàn lọ kí wọn ní pápá, òun á bá wọn ya fọ́tò, òun ò ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn Kérésì, ó dá sáré lọ sójú títì bí kóòṣì ṣe ní kó máa ṣe, ó padà wá nu bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó kó o sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ò rí bàtà mọ́. A wá gbogbo ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún olè. Naomi ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè.

Sálúbàtà ni Afọlábí wọ̀ lọ sí pápá. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Naomi di aṣọ mi mú, mo bá jókòó tì í lẹ́yìn ilé. Bí ariwo bá ti ta ní pápá, á dìde. Bó bá rọlẹ̀, á jókòó. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi, pé ẹni tó wọ sálúbàtà kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ kan ṣoṣo: Afọlábí, Afọlábí. Naomi di ọwọ́ mi mú. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Ariwo ńlá kan ta. Lẹ́yìn náà ni gbogbo pápá dákẹ́.

A sáré. Mi ò mọ̀ pé Naomi lè sáré báyẹn.

Ọmọ wa wà nílẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ bó ṣe jẹ́ fún wa. Ìsàlẹ̀ ti fi góòlù kan ṣáájú, àwọn obìnrin wọn sì ń kọrin pé ara ògiri nìkan ni agbábọ́ọ̀lù Òkè ti mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Gbóyèga bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ síwájú Afọlábí. Bàtà náà tóbi jù, ó ki bébà sí i nímú, ó wọ pápá. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ẹsẹ̀ fi yí nínú bàtà.

Ẹnì kan ti ń wá igi tí wọ́n á fi dì í. Naomi gba igi náà, ó jù ú nù, ó ní ọsibítù ni. Ìjerò la gbé e lọ. Wọ́n ní egungun ò kán, ṣùgbọ́n iṣan ti ya, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, Afọlábí pe kóòṣì láti inú yàrá wa. Ó fi fóònù sórí ìjókòó, ó ròyìn bó ṣe jẹ́, ohùn ọkùnrin náà sì ń jáde síta. Mo ti ń retí pé yóò bú wa nítorí àríyá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bàtà ta lo wọ̀?"

"Ti ẹlòmíràn, sà."

"Tìrẹ dà?"

"Wọ́n jí i gbé, sà."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní tirẹ̀ ló wọ̀ ni, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kì bá tí yí. Ó ní òun á bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Naomi dìde. Ó wọ yàrá tó ń kó oúnjẹ sí, mo sì gbọ́ tó ń tú ẹnu àpò. Nígbà tó jáde, bàtà Afọlábí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrẹsì ń já bọ́ lára rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé e síwájú ọmọ. Ó ní òun ló fi í pamọ́, pé òun rò pé ẹni tí kò bá ní bàtà kò ní wọ pápá. Afọlábí wo bàtà, ó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo la ẹnu láti pẹ̀tù sí Naomi, bí ọkọ ṣe ń pẹ̀tù síyàwó. Ó yíjú sí mi. Kò kúnlẹ̀.

"Sarah," ó ní, "mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́."

Mo jáde lọ síta, mo sì ń fi èékánná họ bébà ara ògiri wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pinpin. Ojú ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Naomi ò pè mí ní Eyínfúnjowó mọ́.