Ọ̀já Tí Yèyé Hun fún Àbúrò Mi

Bí ọ̀já náà ṣe tú, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀yìn mi fúyẹ́ lójijì, mo sì gbọ́ ìró "gbì" lórí àpáta. A ń ti oko bọ̀, a ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wọ Ayégbajú, ìlú wa, láti ọ̀nà odò. Ìyá mi wà níwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí. Ó da apẹ̀rẹ̀ náà nù, iṣu ń yí lọ sínú koríko, ó sáré padà wá gbé àbúrò mi ọkùnrin nílẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ sí àyà rẹ̀. Òun kò sunkún. Èmi ni mò ń sunkún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, òun ń lọ sí márùn-ún. Ó ti ń rìn, ó tilẹ̀ ti ń lé adìyẹ kiri àgbàlá, kí ibà kan tó dá a wó lẹ́ni ọdún méjì. Ibà náà lọ, ó sì mú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dání. Láti ọjọ́ náà, orí ẹ̀yìn ni ó ń gbé. Ẹ̀yìn ìyá mi ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi lóyún mìíràn, ó di ẹ̀yìn mi. Ọ̀já àrán pupa tí ìyá mi rà ní ọjà Ìkọ̀lé nígbà tí ó bí i ni a ṣì ń lò. Ó rẹwà púpọ̀, ó ń dán, ṣùgbọ́n dídán yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí kókó rẹ̀ dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi kó wa lọ sí ilé ìyá àgbà kan tí ó ń hun aṣọ, ojúlé kẹta sí tiwa. Kò bá wa tan, ṣùgbọ́n Yèyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òfì rẹ̀ dúró gbọnrangandan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró apásá tí ó fi ń gbá òwú wọlé ni ó máa ń jí wa láàárọ̀, gbà-gbà, gbà-gbà, kí odó iyán tó dáhùn láti ilé kejì. Ilé rẹ̀ ń rùn fún aró, òórùn kíkan bí ògì tí ó ti pẹ́. Orí ìka rẹ̀ dúdú títí dé oríkèé, kò sí ọṣẹ tí ó lè bó o.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi hun ọ̀já tí ó le ju èyí lọ."

Yèyé fa ọ̀já àrán náà gba àárín ìka rẹ̀. "Èyí ò burú o. Ọ̀já ọmọ tuntun ni. Ẹni tí ẹ ń fi pọ̀n ni ó ti dàgbà kúrò nínú rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ta ni yóò máa pọ̀n ọ́n?"

Ìyá mi nawọ́ sí mi.

"Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò kì í hun ọ̀já fún ẹ̀yìn tí mi ò rí."

Ó kó àkísà aṣọ mẹ́ta jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi wọ́n pọn àbúrò mi sí mi lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní jẹ́ aṣọ òyìnbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n dìde, kí n fò. Kí n tó fò lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ti dé ìdí mi. Èkejì jẹ́ kíjìpá tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn kò yọ̀, ṣùgbọ́n ó gé mi lápá bí okùn. Ẹ̀kẹta náà kíjìpá ni, ó sì fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Ó gba ìdí ọmọ títí dé orúnkún.

"O rí i?" ni ó wí fún ìyá mi. "Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ń kó ẹrù lé ojú kan. Èyí tí ó gbòòrò ń pín in káàkiri ara."

Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n Yèyé yí sí àbúrò mi. "Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi? Kí ni ó ń dùn ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í rí. Ó wojú ìyá mi ná, ó wojú tèmi, kó tó dáhùn pé, "Ó máa ń ta mí lábẹ́ itan. Mi ò sì kì í rí nǹkan kan. Ọrùn ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mò ń wò."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sókè lẹ́yìn mi títí àgbọ̀n rẹ̀ tí a ti fi ewé dì fi yọ lókè èjìká mi. "Ibí ni yóò máa wà," ó wí.

Ojoojúmọ́ tí mo bá ti ilé-ìwé dé, mo ń lọ bá a yọ kóró òwú. Ó ń ràn án fúnra rẹ̀, ó ń lọ́ ọ pọ̀ ní méjì-méjì kó tó gbé e sórí òfì. Ọ̀já náà ń gùn sí i, ìyá mi sì ń kanra. "Yèyé, ṣé kò tíì gùn jù báyìí?"

"Ọmọ á sanra. Ẹni tí ó ń pọ̀n ọ́n náà á ga. Ti ọdún tí ń bọ̀ ni mò ń hun mọ́ ọn yìí."

Ìyá mi fẹ́ kí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Bàbá mi kò fẹ́. Kì í ṣe òǹrorò, ojú ń tì í ni, ẹ̀rù sì ń bà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó yà láti oko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé.

"Yèyé, ẹ má da ara yín láàmú. Inú ulé ni ọmọ yìí yóò máa wà. Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀."

Yèyé fi apásá lélẹ̀. Mi ò rí i kí ó fi uṣẹ́ sílẹ̀ láàárín rí.

"Àkọ́bí mi rí báyìí," ó wí. "Èmi náà bẹ̀rù yẹ̀yẹ́. Mo tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn òfì yìí, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti tó o. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò lórí ẹní náà. Ọjọ́ tí ó kú, àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé, 'Ọmọ ta ni?'"

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní kí ó dàárọ̀, ó sì lọ. Nígbà tí ọ̀já náà parí, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àbúrò mi sí mi lẹ́yìn ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tí ó di kókó rẹ̀ méjèèjì, tí ó sì tẹ̀ lé wa dé ìkóríta.

Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́. Àwọn ọmọ ń kọrin arọ tẹ̀ lé wa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, èmi sì ń rìn, omi ń bọ́ lójú mi. Àbúrò mi kò ráyè wọn. Láti èjìká mi ni ó ti ń wo ayé, ó sì ní ohun púpọ̀ láti wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbòǹgbò wà níwájú." "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì." Kí ọdún tó yí, lẹ́tà ara ògiri ni ó ń kà fún mi lọ́nà, ó sì ń ka àwọn tí èmi kò tíì mọ̀. Tí a bá ń padà bọ̀, Yèyé á gbọ́ ohùn wa, á pariwo láìfi òfì sílẹ̀ pé, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Àbúrò mi á ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fún un láti ẹ̀yìn mi, á kà á títí, ẹ̀yìn á sì máa ro mí.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi pọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni káfíńtà kan ní Ọ̀yẹ́ bá wa gbẹ́ ọ̀pá méjì tí ó lè fi sí abíyá. Ó ṣubú lórí wọn títí a kò fi kà á mọ́. Ọjọ́ tí ó lè rìn dé ojúlé kẹta, ó ní kí n má tẹ̀ lé òun. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè.

Ojú Yèyé ti ń ṣú nígbà náà, kò hun aṣọ mọ́. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí ilẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"N kò bá a wá."

Yèyé nawọ́, ó fọwọ́ kan ọ̀pá, ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó ti le, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, orúkọ kan tí a kò gbọ́ rí ni ó pè, ní jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ tí ó wà lórí ẹní lẹ́yìn òfì. Àbúrò mi kì í jẹ́ orúkọ náà. Síbẹ̀, ó dáhùn pé, "Yèyé."

Yèyé kú kí òjò ọdún náà tó dá. Àbúrò mi parí ìwé mẹ́fà, ó kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù àti aya àti ọmọ ní Ìkọ̀lé. Àwọn ènìyàn ń gbé rédíò wọn wá láti Òkè-Àkò nítorí pé wọ́n ní etí rẹ̀ mú.

Èmi ti di arúgbó. Èjìká mi òsì rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, aṣọ tí mo bá wọ̀ kì í dúró déédéé. Ọmọ mi tí ó wà ní Ìbàdàn mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì bi mí pé ẹrù wo ni mo gbé nígbà èwe mi. Mo ní n kò gbé ẹrù. Ó tún bi mí léèrè, bóyá ó rò pé etí mi ti ń di. Mo ní, "Ọmọ ni mo pọ̀n, ọ̀gá. Òun ni ó ń sọ ọ̀nà fún mi."